Bí Volkmar Schmidt Ṣe Di Weckhahn

Ní abúlé Eckertsrod, lórí òkè Vogelsberg níbi tí òjò ti máa ń rọ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn láyé, bí ènìyàn bá sọ òkò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, orí Schmidt kan ni yóò bà. Schmidt onímàlúù wà, Schmidt etídò wà, Schmidt ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wà. Wọn kì í ṣe ẹbí ara wọn, àfi bí a bá ka ìran dé ọ̀dọ̀ Nóà. Alágbẹ̀dẹ ni Schmidt túmọ̀ sí lédè Jámánì, kò sì sí abúlé tí kò ní alágbẹ̀dẹ láyé àtijọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí orúkọ náà fi gbilẹ̀ bí koríko.

Nígbà tí wọ́n bí Volkmar ní ilé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Volkmar lorúkọ tó gbayì lọ́dún náà. Ìyàwó onímàlúù ti sọ ọmọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, ará etídò náà sọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọdún tó yí po. Volkmar Schmidt wá di mẹ́ta lábúlé kan ṣoṣo. Tíṣà á pe orúkọ, àwọn mẹ́ta á dìde. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fọ́ fèrèsé, ẹni tó bá sún mọ́ ọwọ́ ni yóò jẹ pàṣán, Volkmar ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló sì máa ń sún mọ́ ọwọ́.

Nígbà tó di géńdé, ojú rẹ̀ wà lára ọmọbìnrin kan ní abúlé kejì. Ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun sọ fún Volkmar Schmidt pé òun yóò dúró dè é níbi ijó ọjọ́ Sátidé. Ẹni tí wọ́n rán lọ jẹ́ṣẹ́ fún Volkmar onímàlúù. Onímàlúù wẹ̀, ó múra, ó lọ, ó jó, nígbẹ̀yìn ó fẹ́ ọmọbìnrin náà sílé. Volkmar ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jẹ kéèkì níbi ìgbéyàwó wọn, ó bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì di ẹnikẹ́ni sínú, torí kì í ṣe ẹni tó ń bínú pẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti ń yún un lára bí aṣọ onírun.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni títún òrùlé ṣe àti kíkan pákó pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ mọ́ ara ilé, lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé òjò bọ̀, kí omi má baà jẹ ògiri. Ilé Weckhahn ló wà lókè pátápátá ní Eckertsrod, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ sì ti ń kọ́kọ́ fi ìbínú rẹ̀ hàn. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1977, Bàbá Konrad Weckhahn ránṣẹ́ sí Volkmar pé ìjì ti ṣí ògiri òun sílẹ̀ bí ẹni ṣí ìyẹ́ adìẹ.

Orúkọ Weckhahn kò pọ̀ láyé. Létí ẹni tó bá gbọ́ ọ, "jí àkùkọ" ni ìtumọ̀ rẹ̀: "weck" ni jí, "Hahn" ni àkùkọ. Ìtàn tí gbogbo abúlé mọ̀ ni pé bàbá ńlá wọn kan máa ń tètè jí débi pé òun ló ń lọ kan ilẹ̀kùn ilé adìẹ kí àkùkọ tó kọ. Ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn oorun ní gbogbo òkè náà tó Bàbá Konrad. Volkmar ti kan pákó lọ ìdajì ògiri lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí bàbá tó yọjú síta, tí wọ́n ń nu ojú, tí bàtà wọn sì wà lẹ́sẹ̀ òdì.

Volkmar wò wọ́n láti orí àkàbà. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin lẹ wá ń jí àkùkọ?"

"Bàbá ńlá mi ti jí i," ni Konrad fèsì. "Kò sì tíì padà sùn láti ìgbà náà. Kí ni kí n tún máa dà á láàmú sí?"

Ọmọbìnrin bàbá, Hiltrud, ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó wàrà kiri àwọn abúlé, apá rẹ̀ le bíi ti ọkùnrin, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó gbọ́rọ̀ wọn, ó ní, "Ìwọ tó wà lókè yẹn, bí o bá fẹ́ gbọ́ gbogbo ìtàn tí bàbá mi ní, afẹ́fẹ́ á ti tú èyí tó o kàn kó tó tán."

Volkmar sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi. Lọ́jọ́ kejì ó sọ̀ kalẹ̀ wá mu kọfí. Iṣẹ́ ògiri yẹn pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo abúlé ló sì mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tó di pé àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, inú Hiltrud dùn, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń gbé e lọ́kàn. Òun nìkan ni bàbá rẹ̀ bí. Bó bá ti di ìyàwó Schmidt, Weckhahn parí ní Eckertsrod nìyẹn. "Bàbá mi ò wí nǹkan kan," ló sọ fún Volkmar, nígbà tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ wàrà. "Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Èèyàn tó máa ń sọ̀rọ̀ títí tí ọbẹ̀ fi ń tutù, ó wá ń jókòó síwájú ilé, ó ń wo òpópónà."

Láyé ìgbà kan, tipátipá ni obìnrin fi ń jẹ́ orúkọ ọkọ. Ọdún tó ṣáájú ni ìjọba yí òfin náà padà, pé kí tọkọtaya mú èyí tó bá wù wọ́n nínú orúkọ méjèèjì. Àwọn ará Eckertsrod ka òfin yìí nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì fi ìwé ìròyìn náà dáná. Ṣùgbọ́n Volkmar rántí rẹ̀. Ó rò ó lórí òrùlé kan, ó tún rò ó lórí òmíràn, ó sì wọlé tọ Bàbá Konrad lọ.

"Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ."

"Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ògiri, mo ti sanwó."

"Kì í ṣe ti ògiri, Bàbá. Mo fẹ́ máa jẹ́ Weckhahn."

Konrad gbé ife sílẹ̀. "Oòrùn pa ọ́ lórí òrùlé ni?"

"Oòrùn wo ló ń ràn níbí? Bàbá, Schmidt pọ̀ bí eṣú. Bí ọ̀kan bá fò kúrò nínú wọn, wọn ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n bí tiyín bá lọ, ó lọ pátápátá nìyẹn."

Bàbá dìde, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ ju bí ènìyàn ṣe ń pẹ́ wá ọtí lọ. Nígbà tí wọ́n gòkè, ìṣà ọtí ápù wà lọ́wọ́ wọn, ojú wọn sì pọ́n. Wọ́n bu ọtí fún un. "Kò ní rọrùn fún ọ o," ni wọ́n wí. "Wọn á máa kọ bí àkùkọ sí ọ létí."

"Wọ́n ti ń pè mí ní Volkmar kẹta tẹ́lẹ̀, Bàbá. Àkùkọ sàn jùyẹn lọ."

Ibi tó le ni ilé ti ara rẹ̀. Ludwig Schmidt, bàbá tó bí i, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Ó gbọ́ ọ tán, ó béèrè pé, "Ṣé ìwọ lò ń gbéyàwó ni, àbí ìyàwó ló ń gbé ọ?"

"Bàbá mi, orúkọ lásán ni."

"Bó bá jẹ́ lásán ni, kí ló dé tó o ń pààrọ̀ rẹ̀? Orúkọ tí bàbá mi fún mi ni mo fún ọ. O wá bọ́ ọ sílẹ̀ bí ẹ̀wù tó fún ọ lọ́rùn."

"Ẹ ṣì ní ọmọkùnrin méjì tó ń jẹ́ ẹ."

"Ṣé kí n fi wọ́n rọ́pò rẹ ni?" Ludwig bọ́ sẹ́yìn ilé, ó lọ ń la igi.

Volkmar dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́ àáké. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ọkàn padà lọ́jọ́ náà. Hiltrud gan-an sọ fún un pé kó jẹ́ kí wọ́n fi Schmidt jẹ, pé òun kò fẹ́ kí orúkọ òun da àárín bàbá àti ọmọ rú. Ó ní rárá, òun ti ṣèlérí fún àgbàlagbà kan tó lọ sunkún ní yàrá abẹ́ ilé.

Wọ́n gbéyàwó lóṣù kẹsàn-án. Ludwig wá, ó wọ kóòtù dúdú, ó jẹun, ó bá ìyàwó jó lẹ́ẹ̀kan, kò sì bá ọmọ rẹ̀ sọ gbólóhùn kan. Ní ilé ọtí, nǹkan rí bí Konrad ti wí. Bí Volkmar bá ti ṣílẹ̀kùn, ẹnìkan á kọ bí àkùkọ lẹ́yìn ife bíà. Onímàlúù, Volkmar kejì, ló burú jù nínú wọn. "Ẹ dìde o, ẹ dìde o, ọ̀gá adìẹ ti dé." Volkmar á bọ́ fìlà, á jókòó. "Ẹ̀yin lẹ ń kọ," lá wí. "Èmi ni mo ń jí yín." Nígbà tó yá, ó sú wọn, torí ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò bínú, yẹ̀yẹ́ rẹ̀ kì í dùn pẹ́.

Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ títí ìgbà òtútù fi dé. Ìjì ńlá kan wá jà, ó ká apá kan òrùlé ilé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kúrò. Àwọn ọmọkùnrin méjì yòókù, ọ̀kan jẹ́ akọ̀wé, ọ̀kan ń tún rédíò ṣe, kò sí èyí tó lè gun àkàbà láìjẹ́ pé òòyì ń kọ́ ọ. Volkmar kò dúró kí wọ́n ránṣẹ́. Ó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ wá nínú òjò dídì, ó gùn ún. Nígbà tó wolẹ̀, ó rí i pé bàbá òun ló di ẹsẹ̀ àkàbà mú, láìní ìbọ̀wọ́.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dá. Nígbà tí Volkmar sọ̀ kalẹ̀, Ludwig wo òrùlé, ó wo ọmọ rẹ̀. "Iṣẹ́ tó dára ni," ló wí. "Kí ni kí n san fún ọ, Ọ̀gbẹ́ni Weckhahn?"

"Ọbẹ̀ gbígbóná, Bàbá."

"Wọlé, kí òtútù tó pa ọ́. Ìyá rẹ ti ń sunkún láti àárọ̀." Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún un sọ mọ́.

Kò sí ẹlẹ́sìn tó gbóná bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́. Volkmar di Weckhahn ju Weckhahn lọ. Bí òjò bá dá iṣẹ́ dúró, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Gießen, sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá, níbi tí wọ́n kó ìwé tẹlifóònù gbogbo ìlú ilẹ̀ Jámánì jọ sí, á máa wá orúkọ rẹ̀. Ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò jìnnà sílé. Ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn láàárín ọjọ́ méjì bí orúnkún kò bá dùn ún. Àwọn díẹ̀ wà ní Herne, ní ìlú àwọn awakùsà. Ó tẹ ọ̀kan láago, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìran wọn ti Vogelsberg wá.

"Ẹ̀yin ta?" ni ọkùnrin náà wí.

"Weckhahn ni mí."

"Èmi ni Weckhahn. Ẹ̀yin ta?"

Ó gbà wọ́n nígbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn yé. Ọkùnrin náà ní látìgbà tí wọ́n ti bí òun, kò sí ẹni tó pe òun láago tó ń jẹ́ orúkọ òun. Bàbá bàbá òun ló wá wa èédú ní Herne, torí ilẹ̀ kò tó pín lórí òkè. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí Hiltrud fi ń na ìka sí aago ara ògiri.

Ní Gießen kan náà ni Volkmar ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bà á lọ́kàn jẹ́. Ọ̀mọ̀wé kan, Ìyáàfin Seibert, tó ń kọ́ nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ orúkọ, wá bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀. Volkmar dìde béèrè nípa orúkọ ilé rẹ̀. Obìnrin náà fi sùúrù dá a lóhùn. Ó ní ó ṣeé ṣe kó máà ní àkùkọ kankan nínú. Láyé àtijọ́, lẹ́kùn wọn, ọgbà tí a fi igi ṣe là ń pè ní "Hag", ẹnu àwọn ènìyàn ló sọ ọ́ di "Hahn". "Weck" ní tirẹ̀ lè jẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún orí òkè tí a ń fi èéfín rẹ̀ yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tí àwọn àgbà Vogelsberg ń pè ní "Wecholder". Ẹni tó ń gbé nídìí ọgbà igi ẹlẹ́gùn-ún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Volkmar dúpẹ́, ó jókòó. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń rò bí yóò ṣe sọ ọ́ fún Bàbá Konrad, tó ti fi àkùkọ yẹn pa gbogbo àlejò lẹ́rìn-ín láti kékeré. Ó gbé e mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Hiltrud ló rí i pé kò jẹun dáadáa mọ́, ló bá fipá mú un sọ ọ́ nídìí oúnjẹ.

Konrad gbọ́ ọ tán, wọ́n gé búrẹ́dì, wọ́n fi bọ́tà sí i. "Ọgbà," ni wọ́n wí. "Ọgbà ẹlẹ́gùn-ún." Wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀. "Ó dáa, kí ni wọ́n ń sìn nínú ọgbà náà?"

"Ọ̀mọ̀wé ò sọ, Bàbá."

"Adìẹ ni," ni Konrad wí, wọ́n sì ń bá oúnjẹ wọn lọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni bàbá kú. Ojú oorun ni wọ́n gbà lọ. Ọ̀sán ti pọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fura, torí gbogbo ilé rò pé wọ́n ń sùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Volkmar wà lára àwọn tó gbé pósí wọn, ó sì sunkún ju ọmọ tí wọ́n bí lọ.

Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀ tú ká, àwọn ìdílé tí baba ńlá wọn jẹ́ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé. Láyé ọba obìnrin kan ní Rọ́ṣíà, tó ń wá àgbẹ̀, ni àwọn baba ńlá wọn ti kúrò lórí òkè wọ̀nyí lọ tẹ̀dó sétí odò Volga. Nígbà ogun, wọ́n tún kó àwọn ọmọ wọn lọ sí Kazakhstan. Ìjọba fi wọ́n wọ̀ sí ilé ńlá kan nílùú tó sún mọ́ Eckertsrod. Pásítọ̀ tó ń bẹ̀ wọ́n wò tẹ Volkmar láago.

"Volkmar, ìyá àgbà kan wà níbí tó ń jẹ́ Wekgan. Àwọn ará Rọ́ṣíà kì í lè pe 'h' wa, 'g' ni wọ́n ń sọ ọ́ dà. Ó jọ tiyín bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe bá ń pè é."

Volkmar àti Hiltrud wọ ọkọ̀ lọ. Hiltrud ń wá ibi tí wọn yóò gbé ọkọ̀ sí, Volkmar ti sáré wọlé. Ìyá àgbà náà, Emma, jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó de gèlè òdòdó, ó ń bó pòtétò sínú abọ́ irin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ Volkmar dúró gbọn-in. Èdè Jámánì tó ń sọ kì í ṣe ti rédíò. Ti àwọn ìyá arúgbó Vogelsberg ni, àwọn tí wọ́n ti sin tipẹ́.

"Wọ́n ní ìwọ ni Weckhahn," ni Emma wí.

Ìtìjú mú Volkmar. Àti ọjọ́ tó ti gba orúkọ náà, kò tíì bá irú ìbéèrè yìí pàdé lẹ́nu ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn báyẹn bọ̀. "Èmi ni, Màmá. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló ni ín. Mo kàn gbà á ni. Schmidt ni wọ́n bí mi."

Emma gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wò ó títí, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí mì í láti inú ikùn wá, títí ó fi di ikọ́. "Ọmọ mi," ló wí, nígbà tó rí èémí mí, "Schmidt ni wọ́n bí èmi náà. Ọkọ mi ló ń jẹ́ Wekgan, a ti sin ín sí Karaganda. Àwa Schmidt méjì la wá jókòó síbí, tí à ń wá Weckhahn."

Hiltrud wọlé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń nu ojú. Ó béèrè ẹni tó wá jẹ́ Weckhahn gangan nínú wọn. Emma fi àgbọ̀n nà sí igun yàrá, níbi tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Viktor, ti sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án gangan, tó la ẹnu sílẹ̀, láàárín ariwo ọmọ wẹ́wẹ́ àti ìkòkò. Hiltrud sún mọ́ ọn, ó wo etí rẹ̀ ńláńlá, ó wo bí orí rẹ̀ ṣe tẹ̀ sí èjìká. "Bàbá mi rèé," ló wí níkẹyìn.

Akọ̀wé ìjọba fẹ́ mọ bí Emma ṣe fẹ́ kí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ báyìí tó ti délé. Emma bi Volkmar pé kí ni orúkọ náà tilẹ̀ túmọ̀ sí, torí kò sẹ́ni tó rántí mọ́ lọ́hùn-ún. Volkmar sọ ti àkùkọ fún un, ó sì sọ ti ọgbà ẹlẹ́gùn-ún.

"Èwo ni òótọ́?"

"Ọ̀mọ̀wé ní ọgbà ni. Bàbá àna mi ní àkùkọ ni."

"Kí wọ́n kọ ọ́ bí tiyín," ni Emma wí. "Ibi tí wọ́n bá ti lè pè mí kí n jẹ́, ó tó mi."

Ilé kan ṣófo ní Eckertsrod, ti ará etídò tó kó lọ sí Frankfurt. Viktor àti ìyàwó rẹ̀ kó wọ ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn mẹ́rin. Volkmar mú Viktor wọṣẹ́, wọ́n jọ kan ògiri ilé náà láti òkè délẹ̀. Iṣẹ́ Viktor dára, àfi pé kò ṣeé jí láàárọ̀. Emma ń bá àwọn obìnrin yan búrẹ́dì ní ilé ààrò àjọni ní ọjọ́ Sátidé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ wọ́n ń wò ó ní ìwò ẹni tó ti òkèèrè wá, títí ó fi gbé kéèkì oníyọ̀ jáde láti inú ààrò, ti pòtétò àti wàrà dídì pẹ̀lú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lórí, bí àwọn ìyá wọn ṣe máa ń ṣe é gan-an. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi àga sílẹ̀ fún un.

Silke, ọmọ kan ṣoṣo tí Volkmar àti Hiltrud bí, ń múra ìgbéyàwó nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ní òun yóò jẹ́ orúkọ ọkọ òun, Euler. Hiltrud fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ọkọ rẹ̀ títí di ọjọ́ tí àfẹ́sọ́nà ọmọ wá jẹun nílé, torí ó rò pé yóò dà á lọ́kàn rú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, nígbà tí ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tábìlì bí ọmọ iléèwé.

Volkmar wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Euler," ló wí. "Ṣé o mọ ohun tí ò ń jẹ́?"

"Rárá, Bàbá. Orúkọ lásán ni."

"Amọ̀kòkò ni," ni Volkmar wí, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Lẹ́kùn tiwa nìkan ni wọ́n ti ń pe amọ̀kòkò bẹ́ẹ̀. Níbo ni wọ́n bí bàbá bàbá rẹ sí?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo Silke pé kó gba òun. Silke bu ọbẹ̀ sí i lábọ́, ó ní kó máa jẹun lọ, pé ọ̀rọ̀ náà ò ní tán bọ̀rọ̀.